Díìsìkì Àtijọ́, Mọ́dábọ́ọ̀dù Tuntun: Ẹ̀kọ́ Etí Afárá Japoma

Ẹni tó bá jáde láti àárín ìlú Douala, tó kẹ̀yìn sí odò Wouri àti èbúté tí àwọn ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí tọ̀sán-tòru, tó sì kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé àdúgbò kan tí à ń pè ní Japoma. Àwọn ọ̀dọ́ mọ Japoma bí ẹní mowó nítorí pápá ìṣeré ràgàjì tó wà níbẹ̀, èyí tó gba 50,000 èrò, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù ti fi àmì ayò méjì sí òdo ṣẹ́gun Gambia ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ń du Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kí pápá ìṣeré tó dé ni afárá ti wà. Àwọn Jámánì ló tẹ́ ojú irin láti Douala wọ àárín ilẹ̀ náà lọ, tí wọ́n sì fi afárá gígùn kan sọdá odò Dibamba ní Japoma. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, tí Douala bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn Jámánì tó ń fà sẹ́yìn ba afárá náà jẹ́ kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà gbà, ó sì di oṣù Kẹwàá kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó fi ìbọn jà gbà á. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ogun Kamẹrúùnù yẹn lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ìtàn ibẹ̀ kì í ṣe ìtàn àjèjì létí wa.

Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ afárá tó já. Ọkọ̀ ojú irin tó dé bèbè odò tó bá afárá ní wíwó, ọkọ̀ náà kò bàjẹ́, ẹrù inú rẹ̀ kò bàjẹ́, irin tó wà lódìkejì odò sì lè wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Ibi tó bàjẹ́ kéré púpọ̀ sí gígùn ìrìn-àjò náà, síbẹ̀ ibi kékeré yìí ló so gbogbo rẹ̀ rọ̀. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sọ pé nítorí tí afárá já, kí wọ́n dáná sun ẹrù inú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó jọ èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà láyè nígbà tí mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wa bá kú: a ra òmíràn, a gbé díìsìkì àtijọ́ sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ kò jí, a sì jẹ́ kí wọ́n nu díìsìkì náà mọ́ tónítóní, àti iṣẹ́, àti àwòrán, àti ìwé gbèsè, àti gbogbo ohun tí a ti fi ọdún gbọọrọ kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn yàwòrán ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Kamẹrúùnù, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá títì ní Japoma, tó ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, tó sì ń tọ́jú ìṣirò ọjà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti lò fún ọdún mẹ́fà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò Douala, òjò arọ̀-má-dá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó ya wọ̀lú, dé pẹ̀lú ìjì. Iná lọ, iná padà dé lójijì, ó sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà náà kò sì là á já. Ọmọ Yorùbá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u palẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé díìsìkì yè, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù, tí àwọn ará ìlú náà ń fi èdè Faransé pè ní carte mère, ti jóná.

“Ìyá, ẹ ó ra mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn, n ó sì nu díìsìkì yín kí n tó gbé Windows tuntun sí i.”

“Ọmọ mi, ìwé ìṣirò mi ńkọ́? Orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo ń bá jà nínú àròkọ yìí. N kò bá ọmọkùnrin náà jà, nítorí kò purọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ìgbà kan sì wà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ọdún tí ń bọ̀ ni. Ohun tó jẹ́ dandan ní ogún ọdún sẹ́yìn kì í ṣe dandan mọ́, ó sì yẹ kí àwa tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ ìdí rẹ̀, kí a lè béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ohun ìní wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí olúkúlùkù jẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà fara mọ́, òun ni agbo ilé tí baálé, ìyàwó, ọmọ àti ìránṣẹ́ jọ ń gbé, tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan fi ń dé etí ẹnì kejì. Díìsìkì ní tirẹ̀ ni àká. Bí a bá fẹ́ kì í bí àwọn baba wa ṣe ń ki àká oko, a ó pè é ní apamọ́-má-jẹ-kó-rà, agbọ́ràn-má-gbàgbé, ìránṣẹ́ tí olúwa rẹ̀ sùn tí òun kò sùn lórí ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Iná lè lọ, ọdún lè yí, ohun tí a kọ sí i wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìwé àti àwòrán nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ètò ńlá tí ń darí kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe Windows, ìbáà ṣe Linux, inú rẹ̀ náà ló ń gbé. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé bí a bá ti gbé díìsìkì láti ilé kan sí ilé kejì, ohun gbogbo ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó kúrò nílé, ohun tó dì sínú àpótí kọ́ ni í máa ń gbàgbé, ohun tó há mọ́ ara ògiri ni. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ ti díìsìkì, tí díìsìkì kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wọn, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe inú díìsìkì ni wọ́n wà: ara mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọ́n há mọ́. Èkíní ni àṣà ìkíni tí ilé fi ń jí díìsìkì lówùúrọ̀. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ. Àwọn wọ̀nyí, àti àwọn ògbufọ̀ tí n ó sọ̀rọ̀ wọn láìpẹ́, ni afárá tó máa ń já. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á tún afárá ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á dáná sun ẹrù.

Kí a tó dé ibẹ̀, kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá díìsìkì náà tilẹ̀ lè jókòó sínú ilé tuntun. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni irú tó ń lo wáyà SATA, èyí tó dé sójà ní nǹkan bí ọdún 2003: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé ọ̀rọ̀, èkejì tó fẹ̀ jù ú lọ ń gbé iná. Ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ní ojúhò fún un títí di òní, nítorí náà irú èyí kì í fa ìyọnu. Irú kejì ni M.2, pátákó kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, tí gígùn èyí tó wọ́pọ̀ jù sì jẹ́ 80, tí a ń kì bọ inú ojúhò lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, tí a sì ń fi síkúrúù kan ṣoṣo dè mọ́lẹ̀. Ibí yìí ni kí a ti la ojú sílẹ̀, nítorí M.2 méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan máa sọ èdè SATA, kí èkejì máa sọ èdè NVMe, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ojúhò mìíràn gbọ́ èdè méjèèjì, òmíràn kò gbọ́ ju ọ̀kan lọ. Ìwé kékeré tó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá ló máa ń sọ èyí tó gbọ́. Kí a kà á kí owó tó jáde lápò.

Ó wá ku àṣà ìkíni. Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, díìsìkì kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kan ilẹ̀kùn náà. Ọ̀nà àtijọ́ ni ti BIOS, tó bá kọ̀ǹpútà IBM wá ní ọdún 1981: yóò lọ sí ẹnu ọ̀nà díìsìkì, yóò ka báìtì 512 àkọ́kọ́ níbẹ̀, yóò sì ṣe ohun tó bá kà. Ètò pípín díìsìkì tó bá ọ̀nà yìí mu ni MBR, láti ọdún 1983, tí kò lè mọ díìsìkì tó bá ju térábáìtì 2 lọ lò tán. Ọ̀nà tuntun ni UEFI, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alábòójútó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2005: òun kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá yàrá kékeré kan nínú díìsìkì tí a pín lọ́nà GPT, ó sì ń ka orúkọ ẹni tí yóò jí láti inú àkọsílẹ̀ kan tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Díìsìkì tí wọ́n tọ́ dàgbà lábẹ́ àṣà BIOS, bó bá dé ilé tí wọn kò mọ̀ ju UEFI lọ, bí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní ti rí, onílé yóò wá yàrá kékeré náà tì, yóò sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun kò rí díìsìkì tó lè jí. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé díìsìkì ti ṣófo. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kí i kò yé e ni. Microsoft ti fi irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ MBR2GPT sínú Windows 10 láti ọdún 2017, èyí tó ń yí ètò díìsìkì láti MBR sí GPT láì pa ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ bá ṣì wà láàyè, ẹ tẹ msinfo32 nínú Windows, yóò sì sọ èwo nínú àṣà méjèèjì ni kọ̀ǹpútà yín ń tẹ̀ lé. Bí ó bá sì jẹ́ pé UEFI ni díìsìkì náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àkọsílẹ̀ orúkọ rẹ̀ ti kú mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n Windows máa ń fi ẹ̀dà ìkíni kan pamọ́ síbi tí gbogbo onílé mọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni onílé tuntun sì ń rí i fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i, bcdboot, irinṣẹ́ Windows mìíràn, lè kọ ìkíni náà tuntun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rètí nù láìnídìí. Nínú ètò mọ́dábọ́ọ̀dù, ibì kan wà tí a ti ń yan bí yóò ṣe máa bá díìsìkì sọ̀rọ̀: ó lè jẹ́ AHCI, ó lè jẹ́ RAID, ó sì lè jẹ́ èyí tí Intel ń pè ní VMD. Bí ilé àtijọ́ bá jẹ́ AHCI tí ilé tuntun sì jẹ́ VMD, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í jí, kó sì ṣubú lójú ọ̀nà. Kí ilé tuntun bá ti àtijọ́ dọ́gba lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àdánù ńlá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ògbufọ̀ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, láti orí ohun tí ń darí díìsìkì títí dé ohun tí ń mú ohùn jáde, ló ní èdè tirẹ̀, Windows kò sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ètò kékeré tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Díráífà ni àwọn oníṣẹ́ ń pe àwọn ògbufọ̀ wọ̀nyí. Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú gbalaja, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Windows tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé tuntun, tí àwọn ògbufọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ilé àtijọ́, ni àlejò náà. Nígbà ayé Windows XP, tó jáde ní ọdún 2001, ìṣòro yìí le púpọ̀, nítorí ògbufọ̀ tí yóò bá ohun tí ń darí díìsìkì sọ̀rọ̀ kì í sábà sí nílẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì di aró pẹ̀lú àmì 0x0000007B, èyí tó túmọ̀ sí pé Windows kò rí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dúró lé mọ́. Ìgbà yẹn ni nínu díìsìkì di àṣà láàárín àwọn oníṣẹ́, wọn kò sì jẹ̀bi nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní ọdún 2012, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú Windows 10 ti ọdún 2015 àti Windows 11 ti ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ tó wọ́pọ̀ ti wà nínú àpò Windows kó tó gbéra nílé. Nígbà tó bá jí nínú ilé tuntun, yóò wò yíká, yóò sọ fún yín pé òun ń palẹ̀ àwọn ẹ̀rọ mọ́, ó lè tún ara rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà yóò ṣí ojú sí tábìlì iṣẹ́ yín bí ẹni pé oorun ni ó sùn. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ti pẹ́ nínú ìwà yìí, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ ògbufọ̀ rẹ̀ ni a dì mọ́ ọkàn rẹ̀ gan-an. Ohun tó sábà máa ń yí padà níbẹ̀ ni orúkọ tí ó ń pe ojúhò íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ohùn lè má jáde, íntánẹ́ẹ̀tì lè má ṣiṣẹ́ ní wákàtí àkọ́kọ́, nítorí náà ó dára kí a ti fi kọ̀ǹpútà mìíràn gba díráífà íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun sílẹ̀ sórí fíláàṣì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dé, àwọn tó kù yóò tẹ̀ lé e.

Bí díìsìkì bá ti jókòó, tí wọ́n ti kí i, tí ó sì ti ríran, kọ́kọ́rọ́ àṣírí lè dá a dúró. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun, Windows ti fi BitLocker ti díìsìkì pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ kékeré kan tí ń jẹ́ TPM, tí ń gbé lára mọ́dábọ́ọ̀dù tàbí nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Níwọ̀n ìgbà tí díìsìkì bá wà nílé rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn láìsọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn kankan wà. Ọjọ́ tó bá dé ilé mìíràn ni yóò béèrè nọ́ńbà 48. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà yìí, kò sí oníṣẹ́ tó lè bá a ṣí i, ìbáà fi ọwọ́ idán wá. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹni náà fi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí náà kí a lọ wá a jáde, kí a kọ ọ́ sórí ìwé, kí a sì dá BitLocker dúró fún ìgbà díẹ̀ kí a tó tú ohunkóhun.

Fún àwa tí a wà láàárín Èkó àti Douala, ìdẹkùn kan tún wà níbí. Kíbọ́ọ̀dù tí a mọ̀ ní Nàìjíríà, Q, W, E, R, T, Y ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Faransé tó gbòde ní Douala, A, Z, E, R, T, Y ni. Díìsìkì tó dàgbà sí Èkó, bó bá bá ara rẹ̀ lórí tábìlì kan ní Japoma, yóò ka A tí a tẹ̀ sí Q, yóò sì máa sọ pé páásíwọ́ọ̀dù tí a mọ̀ dájú kì í ṣe òun. Nọ́ńbà pàápàá, lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, a ní láti tẹ Shift mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó jáde lórí ìlà òkè. Ẹ má bẹ̀rù: lójú ibi tí BitLocker ti ń béèrè nọ́ńbà 48 náà, ẹ lè tẹ F1 fún 1, F2 fún 2, títí dé F9, kí ẹ sì tẹ F10 fún òdo. Bí a bá dé ilẹ̀ àwọn adẹ́tẹ̀, a ó di ìkúùkù.

Ìwé àṣẹ ló kẹ́yìn. Windows tí ilé-iṣẹ́ fi sínú kọ̀ǹpútà kó tó tà á, mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn ni àṣẹ rẹ̀ wà fún. Láti ìgbà Windows 8, inú mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ nọ́ńbà àṣẹ náà sí. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá kú, àṣẹ náà bá a kú. Ṣùgbọ́n bí èyí tí a rà bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí nínú tẹ́lẹ̀, tó sì jẹ́ irú ẹ̀yà Windows kan náà, Windows wa lè rí i kó sì gbà á. Windows tí a fi owó wa rà lọ́tọ̀ ní tirẹ̀ lè bá wa ṣí lọ. Láti ọdún 2016, a lè so àṣẹ rẹ̀ mọ́ àkáǹtì Microsoft wa, kí a sì sọ fún un pé ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà la pààrọ̀. Èyí pẹ̀lú, kí mọ́dábọ́ọ̀dù tó kú ni ó yẹ kí a ti ṣe é. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kí wá ni ìyá oníṣòwò yẹn yóò ṣe, ẹni tí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ díìsìkì náà, kí wọ́n fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sórí díìsìkì mìíràn. Èyí ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ̀dà yìí ni ó sọ gbogbo ohun tó kù di ìdánwò tí kò lè pa ènìyàn. Láìsí rẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ ni ó ní ewu. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé díìsìkì náà nìkan sínú ilé tuntun, láìsí díìsìkì mìíràn tí yóò da ọ̀rọ̀ rú, kí wọ́n tún aago mọ́dábọ́ọ̀dù ṣe bí bátìrì kékeré CR2032 tó ń gbé e bá ti kú, kí wọ́n wo àṣà ìkíni àti AHCI, kí wọ́n sì tan án.

Ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń mí, kó pa Windows dáadáa kó tó tú u. Láti ìgbà Windows 8, bí a bá kàn tẹ Shut down, Windows sábà máa ń fi apá kan ara rẹ̀ sùn ni, kó lè tètè jí lọ́la. Ẹni tí wọ́n gbé sùn ní ilé kan tó jí ní ilé mìíràn, orí rẹ̀ á dàrú. Kí a tẹ Shift mọ́lẹ̀ bí a ti ń tẹ Shut down, yóò sì kú pátápátá. Lẹ́yìn náà kí a yọ wáyà iná, kí a fi ọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà kí iná inú ara wa lè sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ Douala kún fún ọ̀rinrin, kì í jẹ́ kí irú iná bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Maroua ní ìhà àríwá, tàbí ní Ìbàdàn nígbà ọyẹ́, kó ṣọ́ra gidigidi, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni iná yìí fẹ́ràn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń palẹ̀ àwọn ẹ̀rọ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á nítorí pé ó pẹ́. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé gbogbo díìsìkì ló lè sọdá. Bí díìsìkì fúnra rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn, tó ń pariwo tàbí tó ń pàdánù ìwé, kí a kó ẹrù inú rẹ̀ jáde kí a sì fi í sílẹ̀. Bí Windows inú rẹ̀ bá ti ní àrùn, tàbí tó ti di jàgídíjàgan látọjọ́ pípẹ́, ilé tuntun kò ní wò ó sàn. Gbígbé Windows 7 sórí mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní sábà máa ń jẹ́ ìjà àjàdìjù, nítorí kò bá ògbufọ̀ NVMe àti ti USB 3.0 wá sáyé. Windows 10 ní tirẹ̀ ti dé òpin ìtọ́jú Microsoft ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìyípadà ilé sì lè jẹ́ ànfààní láti bọ́ sí Windows 11 bí ilé tuntun bá ní TPM 2.0 àti ọpọlọ tí Microsoft fọwọ́ sí. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn, wọ́n ti jó ibi ìpamọ́ mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, bíi ti àwọn MacBook Apple òde òní, kò sì sí ohun tí a lè yọ. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, bíbẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lọ́gbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn tí a ti wò ó, tí a sì ti kó ẹ̀dà, ni a ó pinnu rẹ̀.

Nítorí náà mo fẹ́ kí ìyá yẹn padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, kí ó sì sọ̀rọ̀ bí àgbà ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọ tí kò fẹ́ kó ṣìnà: “Ọmọ mi, mo gbọ́ pé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Fún mi ní wákàtí kan. Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn náà wò ó bóyá ó lè jí.” Bí kò bá jí, kò pàdánù ju wákàtí kan lọ. Bí ó bá jí, ohun tí yóò rí lójú kọ̀ǹpútà tuntun ni tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ bó ti fi í sílẹ̀ kí òjò tó rọ̀: ìwé tó ń tẹ̀ fún oníbàárà, tí kò tíì parí, àti orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé pérépéré.